Ohun Tí Alágbẹ̀dẹ Tẹ́ Sí Ìsàlẹ̀ Ìléru

Alágbẹ̀dẹ kan wà tí èéfín èédú ti ba àyà rẹ̀ jẹ́. Òun àti àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń rọ ọkọ́ àti àdá. Ẹ̀gbọ́n ń lu irin, àbúrò ń fi ẹ̀mú dì í mú. Ọkùnrin yìí wá pinnu pé òun yóò fi ọwọ́ ara òun ṣe ìléru tí ń lo gáàsì, kí ara lè tu àwọn méjèèjì.

Kò sí ohun tó burú nínú èrò náà. Ó wá sílíńdà gáàsì tó ti gbó, ó fọ inú rẹ̀ títí òórùn fi kúrò, ó gé e lẹ́nu, ó dá a dùbúlẹ̀. Ó rí bíríkì rere kó níbi ààrò búrẹ́dì kan tó ti wó, bíríkì tí iná ti dán wò fún ogún ọdún. Ó fi í tẹ́ ẹ̀gbẹ́, ó fi í tẹ́ òkè. Ó kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀dà pupa, ó sì dùn ún wò. Àmọ́ bíríkì tán kí ó tó kan ìsàlẹ̀.

Ìyá arúgbó kan tó ń mọ ìkòkò ládùúgbò yọjú wò ó. Ó ní, "Ọmọ mi, ó mà dára o. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Sìmẹ́ǹtì ni mo fẹ́ dà sí i, ìyá. Ta ni yóò wo ìsàlẹ̀?"

"Irin ni yóò sùn lé e. Sìmẹ́ǹtì a máa pa omi mọ́ sínú, iná kò sì gba ìpamọ́. Lọ bu amọ̀ ọ̀gán, kí o pò ó, kí o tẹ́ ẹ, kí o fi í sílẹ̀ ní ibòòji títí yóò fi gbẹ dénú. Á tó oṣù kan."

Oṣù kan, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú, tí àwọn àgbẹ̀ ń dúró de ọkọ́. Ó kí ìyá náà pé ó ṣeun, ó sì da sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó fi òòlù kàn án, ó dún kókó bí àpáta, ó ní ó ti gbẹ. Inú máa ń bí mi bí mo bá dé ibí yìí, nítorí alágbẹ̀dẹ ni. Ó mọ ohun tí iná ń ṣe.

Ní ìlú yẹn, àbúrò ni í ti irin àkọ́kọ́ bọ iná tuntun, ẹ̀gbọ́n a sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ súre. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Irin pọ́n, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo àwọ̀ irin náà, nítorí ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ bí irin bá ti tó lù. Ibẹ̀ ni omi tó há sínú sìmẹ́ǹtì ti hó. Ilẹ̀ ìléru bú gbàù, ó sì tú sí i lójú.

Ojú méjèèjì ló lọ. Ó bèèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tẹ́ síbẹ̀?" Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ bu amọ̀ ọ̀gán, ó sì ní sùúrù oṣù kan, nígbà tí sùúrù kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Oyèkànmí, ìwọ ni mo ń bá wí. Wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ Ìbídùn ọmọ rẹ lọ́jọ́ Sátidé. O ti wo ilé ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, o ti wo iṣẹ́ rẹ̀, o ti wo bí ó ṣe ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kí o bèèrè ohun tó mú kí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ fi apá tó kán jáde nílé rẹ̀, o ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, pé a ti pe àlejò. Ìwà ọkùnrin yẹn nígbà tí inú bá bí i ni ilẹ̀ tí ọmọ rẹ ń lọ dùbúlẹ̀ lé. Obìnrin náà wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò jìnnà. Lọ bá a kí o tó gba obì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. O ní ojú yóò tì ọ́ bí o bá dá ọjọ́ náà dúró, pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ikú tí ò ń sọ yẹn, ìwọ kọ́ ni yóò kú u.