Ìjàpá Onígbọ̀wọ́ àti Agbọ̀n Òkè Àpáta

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó ré kọjá lórí àpáta, ó fara lu etí agbọ̀n, kò wọlé, ó bọ́ lé Ìjàpá ọkọ Yánníbo lórí, ó dún kò! Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá ti pàdé Ìjàpá lọ́nà oko rí, ó mọ ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣe bí èèyàn bá na ọwọ́ sí i. Ẹ má tíì sọ ọ́. Iṣẹ́ tèmi ni, ẹ jẹ́ kí n ṣe é.

Ní ìgbà kan, ìlú àwọn ẹranko méjì wà tí odò kan ṣoṣo là láàárín. Òkè Àpáta ni ọ̀kan, Ẹfọ̀n ni Baálẹ̀ wọn. Etídò ni èkejì, Ọ̀nì ni Baálẹ̀ tiwọn. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, odò náà á gbẹ, á ku ibú kékeré kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀ ló ń mu omi tó mọ́ gaara. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn, ẹrẹ̀ ni yóò máa sẹ́.

Kí wọ́n má baà máa fi ìwo àti eyín yanjú rẹ̀, àwọn baba wọn dá eré kan sílẹ̀, wọ́n ń pè é ní eré agbọ̀n. Ìlú kọ̀ọ̀kan á so agbọ̀n mọ́ ẹ̀ka igi, ìlú kejì á máa ju ọsàn tútù sínú rẹ̀, láti ìgbà tí oòrùn bá ti yẹ àtàrí títí Àgbìgbò tó ń ṣe adájọ́ yóò fi ké. Ìlú tí ọsàn bá pọ̀ jù nínú agbọ̀n rẹ̀ ló pàdánù. Ìlú tó borí ni yóò máa kọ́kọ́ pọn omi títí òjò yóò fi rọ̀. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, wọn á pín in: èyí lónìí, ìyẹn lọ́la.

Ní Òkè Àpáta, Òòrẹ̀ ló ń ṣọ́ agbọ̀n. Bí ó bá rí ọsàn tó ń bọ̀, á kọ ẹ̀yìn sí i, á na gbogbo ẹ̀gún ara rẹ̀, ọsàn á gún mọ́ ọn lára, á há síbẹ̀. Bí eré bá parí, ìyàwó rẹ̀ á máa ja ọsàn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń ja ata lóko. Ó ti pẹ́ tí ọsàn ti wọ agbọ̀n Òkè Àpáta kẹ́yìn. Àmọ́ àwọn tó ń bá wọn jù kò mọ̀ ọ́n jù. Ọdọọdún ni wọ́n ń ta ọ̀mì, ọdọọdún ni wọ́n ń pín omi.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, ọ̀gbẹlẹ̀ náà le. Ibú súnkì títí ó fi kéré ju àgbàlá ilé lọ. Pínpín ò tó mọ́. Gbogbo ará Òkè Àpáta ló ń fẹ́ kí àwọn nìkan máa kọ́kọ́ mu, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ará Etídò.

Ìjàpá ní tirẹ̀, ará Òkè Àpáta ni, kì í ṣeré agbọ̀n. Ẹnu ló fi ń ṣe é. Abẹ́ igi ọ̀dán ló máa ń jókòó sí, tí á máa sọ bó ṣe yẹ kí àwọn tó ń làágùn jù ú. Ní ọjọ́ kan, òórùn àsáró fà á lọ sí ẹ̀yìnkùlé Ọ̀nì, níbi tí ìyàwó Baálẹ̀ ti ń dáná.

"Ẹ kú ìdáná o," ni Ìjàpá wí.

Ọ̀nì ṣí ojú kan. "Ìjàpá, kí ló gbé ọ dé ibí?"

"Omi ni mo wá pọn, Baálẹ̀."

"Kèrègbè rẹ dà?"

Ìjàpá wo ọwọ́ rẹ̀. Kò mú kèrègbè kankan. Ó wúkọ́. "Ẹ jẹ́ ká fi ti kèrègbè sílẹ̀. Kí ló ń dùn yín jù lọ́dún yìí?"

"Òòrẹ̀ yín ni."

"Bí mo bá bá yín mú un kúrò lábẹ́ agbọ̀n ńkọ́?"

Ọ̀nì ṣí ojú kejì. "Ọjọ́ tí a bá borí, a ó se àsáró kún ìkòkò yìí dẹ́nu fún ìwọ nìkan. Pẹ̀lú ẹja gbígbẹ."

"Ẹja mélòó?"

"Ìjàpá."

"Mo kàn béèrè ni, Baálẹ̀."

Ìjàpá padà sílé. Ìkòkò àsáró ti jókòó sí i lọ́kàn, kò sì ní dìde níbẹ̀. Ó ní bí òun ò bá jẹ ẹ́, kí wọ́n má pe òun ní Ìjàpá mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìlú péjọ sábẹ́ ọ̀dán. Òòrẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Ìjàpá wí, "ta ló ti fi dídènà borí rí? Lọ́dún tó kọjá, Òòrẹ̀ dènà, a pín omi. Lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, ó dènà, a pín omi. Ṣé pípín la ó máa pín títí òùngbẹ yóò fi pa wá ni? Ẹ jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀. Ká fún Etídò ní Òòrẹ̀, ká gba Ọ̀bọ wọn."

Ọ̀yà, ọ̀dọ́ kan tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀, fò dìde. "Òótọ́ ni. Ọ̀bọ yẹn ló ju ọsàn sí agbọ̀n àwọn ará ìlú Igbó Ọ̀pẹ títí ìdí agbọ̀n fi já."

Màmá Etu, ìyá àgbà tó ti wo eré agbọ̀n ju gbogbo wọn lọ, mi orí. "Ṣé a ó yọ ilẹ̀kùn ilé ká lè rí pákó fi kan àga ni?"

"Màmá, ilẹ̀kùn kì í pọn omi," ni Ọ̀yà wí.

"Kì í pọn ọ́n. Òun ni kì í jẹ́ kí olè gbé èyí tí o pọn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ wá ẹni tí yóò máa jù, ẹ má torí rẹ̀ lé ẹni tó ń ṣọ́."

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọsàn mélòó ni Òòrẹ̀ dá dúró lọ́dún tó kọjá?"

"Ta ló kà á?"

"Ẹ gbọ́ o. Kò sẹ́ni tó kà á. Èyí tó bá wọlé nìkan là ń kà, òun nìkan náà là ń kọrin fún. Ta ló ti kọrin fún Òòrẹ̀ rí?"

Kò sẹ́nì kankan. Òòrẹ̀ wolẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí títí dòní, nítorí pé bó ṣe rí náà nìyẹn. Ẹni tí kò jẹ́ kí aburú ṣẹlẹ̀, a kì í rí ohun tó ṣe.

"Ó dáa," ni Màmá Etu wí. "Ọ̀bọ yìí, ṣé ó ti ju ẹyọ kan wọ agbọ̀n tiwa rí?"

Ìjàpá rí i pé ìbéèrè yìí lè ba àsáró jẹ́. Kíá, ó gbé orin. Ẹ bá mi gbè é:

Omi àárọ̀ á di tiwa o,
*Jù ú wọlé!*
Ọ̀bọ ọlọ́wọ́ gígùn ń bọ̀,
*Jù ú wọlé!*
Ẹni ń dènà kì í borí,
*Jù ú wọlé!*
Jù ú, jù ú, jù ú o,
*Jù ú wọlé!*

Orin náà dùn. Ẹsẹ̀ gbà á, ìdí gbà á, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ ohùn Màmá Etu mọ́. Baálẹ̀ Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ ń mi ìwo sí i. Nígbà tí orin rọlẹ̀, ó ní, "Ìlú ti fẹ́ ẹ. Ta ni yóò ṣe onígbọ̀wọ́ pàṣípààrọ̀ yìí? Ẹ mọ àṣà wa pé onígbọ̀wọ́ ló ń gba obì, òun ló sì ń..."

"Èmi ni," ni Ìjàpá wí. Obì ló gbọ́. Kò dúró gbọ́ ìyókù.

Màmá Etu wò ó. "Ìjàpá, ṣé o mọ iṣẹ́ onígbọ̀wọ́?"

"Màmá, ẹ má ṣèyọnu. Mo ti jẹ obì onígbọ̀wọ́ tó agbọ̀n méjì."

Irọ́ ni. Kò jẹ ẹyọ kan rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n sin Òòrẹ̀ dé etí odò. Kò sunkún, kò bínú. "Ibi tí wọ́n bá fi mí ṣọ́ ni mo máa ń ṣọ́," ló sọ. Ó sọdá, wọ́n fún un ní omi Etídò mu. Ọ̀bọ náà sọdá, ó mu ti Òkè Àpáta. Ẹni tó bá sì ti mu omi ìlú kan, ìlú náà ló ń ṣeré fún títí ọdún yóò fi yípo. Kò sí pé mo yí ọkàn padà níbẹ̀.

Ọjọ́ eré pé. Ọ̀bọ jáde, ó ta òkìtì, ọ̀dọ́ ń pariwo orúkọ rẹ̀. Àgbìgbò wo abẹ́ agbọ̀n Òkè Àpáta. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

"Ta ló ń ṣọ́ ibí?" ló béèrè.

Wọ́n wo Ọ̀bọ. Ọ̀bọ ní, "Èmi? Iwájú nìkan ni mo mọ̀."

Wọ́n wo Ọ̀yà. Ọ̀yà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Baálẹ̀ Ẹfọ̀n bá ní, "Kí ló dé tí ẹ ń wá a kiri? Àṣà wa ni pé onígbọ̀wọ́ pàṣípààrọ̀ ló ń gba obì, òun ló sì ń dí àlàfo ẹni tó lọ. Ìjàpá, ó yá."

Ìjàpá di ẹsẹ̀ kan mú. "Baálẹ̀, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Kò nílò ẹsẹ̀."

Wọ́n gbé e, wọ́n gbé e lé ẹ̀ka tó wà lábẹ́ agbọ̀n gan-an, níbi tí kò ti lè bẹ́ sílẹ̀. Láyé ìgbà náà, ọrùn Ìjàpá gùn jáde gbọọrọ, kì í wọlé. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ó ṣeé fà wọlé.

Àgbìgbò ké, eré bẹ̀rẹ̀. Ọ̀bọ gba ọsàn, ó nawọ́, ó jù ú. Ọsàn fò lọ ganran-ganran, ó dé ọ̀dọ̀ Òòrẹ̀, ó há mọ́ ẹ̀gún. Ó ju òmíràn, ó há. Ó fi ọwọ́ òsì jù, ó fi ẹsẹ̀ jù, gbogbo rẹ̀ há. Ìgbà náà ni ìlú rántí ohun tí Màmá Etu béèrè. Ọ̀bọ kò ju ẹyọ kan wọ agbọ̀n wọn rí, nítorí Òòrẹ̀ kan náà yìí.

Nígbà tó kan Etídò, ìrù ni àwọn ọmọ Ọ̀nì fi ń gbá ọsàn. Àkọ́kọ́ bá Ìjàpá níwájú orí, ó dún kò. Èkejì bá a nípàkọ́, kò. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Bí ó ṣe rí ẹ̀kẹta tó ń bọ̀, ẹ̀rù mú un, ó fún gbogbo ara pọ̀, ọrùn bá wọlé fìrì sínú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Ọsàn kọjá lórí rẹ̀, ó wọ agbọ̀n.

"Ìjàpá, yọ orí," ni Màmá Etu pè é. "Ẹni tí kò ríran ò lè ṣọ́ nǹkan."

Ó yọ ọ́. Ọsàn bá a, kò. Ó fà á wọlé. Ọsàn wọ agbọ̀n. Ó pinnu pé òun ò ní fà á mọ́, ó di eyín pọ̀, ó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọsàn yọ lókèèrè, orí ò dúró gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ó ti wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí agbọ̀n Òkè Àpáta fi kún, tí ẹ̀ka fi tẹ̀. Ti Etídò ṣófo, bí ìgbà tí wọ́n hun ún. Àgbìgbò ké. Omi àárọ̀ di ti Etídò.

Ará Òkè Àpáta mú kèrègbè, wọ́n ń lọ sẹ́ ẹrẹ̀. Ìjàpá kò bá wọn lọ. Orí rẹ̀ wú, ó ń tiro, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé Ọ̀nì ló kọjú sí. Kò sí ohun tó lè dá a padà.

Ọ̀nì kò yẹ àdéhùn. Ìkòkò wà níbẹ̀ kún dẹ́nu, epo ń dán lórí rẹ̀, ẹja gbígbẹ yọ orí níbí, ó yọ orí lọ́hùn-ún. Ìjàpá jókòó tì í. Ó bu òkèlè kan, ó gbé e bọ̀ lẹ́nu. Orí rí ohun róbótó kan tó ń bọ̀, ó wọlé fìrì. Òkèlè fi ara gbá igbá, ó jábọ́.

"Kò burú," ni Ìjàpá wí. Ó bu òmíràn, ó rọra gbé e. Orí wọlé. Ó fi ọwọ́ kejì di ọrùn mú kó má lè lọ. Bí ọwọ́ ṣe ń bọ̀ báyìí, ọrùn ti sá fún òun náà. Ó ní kò sí wàhálà, òun á ki ẹnu bọ ìkòkò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iṣu róbótó kan wò ó láti inú epo. Orí wọlé, kò sì tètè jáde. Ìjàpá ń sunkún nínú igbá. Ebi ń pa á, oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì ń sá fún.

Ẹkún rẹ̀ dé ibú, ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú rẹ̀ wá bá a, tàwọn ti ẹrẹ̀ nínú kèrègbè. Yánníbo ìyàwó rẹ̀ ló ṣáájú. Ó wo ìkòkò, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Baálé mi," ló wí, "ta ló se èyí fún ọ?"

Orí Ìjàpá tún wọlé. Kò sẹ́ni tó nílò kó dáhùn. Baálẹ̀ Ẹfọ̀n ní láti ọjọ́ náà lọ, lẹ́yìn gbogbo ìlú ni Ìjàpá yóò máa mu omi. Àwọn ọmọ Etídò sì wá jókòó yí ìkòkò ká, wọ́n jẹ ẹ́ tán lójú rẹ̀.

Nígbà tí Òkè Àpáta ń padà lọ, Òòrẹ̀ ń bọ̀ láti ibú, omi tó mọ́ gaara ló gbé. Màmá Etu dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin fún un, Ọ̀yà gbè é, gbogbo wọn gbè é. Òòrẹ̀ gbọ́ ọ. Ó kí wọn dáadáa, ó sì gbé omi rẹ̀ lọ sí Etídò.

Ìdí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ, tó fi jẹ́ pé títí dòní, ohunkóhun tó bá sún mọ́ Ìjàpá, ìbáà jẹ́ òkò, ìbáà jẹ́ oúnjẹ, orí ló máa ń kọ́kọ́ fà wọlé. Ọ̀tá kọ́ ló ń sá fún nígbà gbogbo. Nígbà mìíràn, ẹni tó fẹ́ fún un ní nǹkan jẹ ni.

Ibi tí mo gbé àlọ́ mi dé rèé, ibẹ̀ náà ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí ahọ́n mi má lè pe orúkọ Ìjàpá mọ́. Bí kì í bá ṣe irọ́, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ kí ó dún: pó, pó, pó.