Oúnjẹ Tí Ọdẹ́tọ́lá Fún Alùpùpù Rẹ̀

Ní ìlú Ṣakí, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ọdẹ́tọ́lá, agégẹdú tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní alùpùpù ńlá kan, oníkabúrétọ̀ ayé àtijọ́ tí ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, èyí tó máa ń gùn lọ sí ìrìn àjò tó jìnnà. Kò já a kulẹ̀ rí. Ọ̀làwọ́ ni Ọdẹ́tọ́lá, ṣùgbọ́n kì í gba ìmọ̀ràn, ẹni tó bá sì ń fúnni láìgbọ́ràn, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò fún ẹni tí kò lè gbé e mì.

Ìbíyẹmí ọmọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Gẹ́mbù, lórí òkè Mámbílà. Ìbíyẹmí bí ọmọkùnrin. Baba ọkọ rẹ̀ ti kú, nítorí náà àwọn àna gbà pé Ọdẹ́tọ́lá ni yóò sọ ọmọ lórúkọ, pé ẹnikẹ́ni kò ní pe orúkọ kankan kí ó tó dé. Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n dá, kí oòrùn tó mú.

Kí ó tó gbéra, ó lọ sọ́dọ̀ Sùlè mẹ́káníìkì. Ó ní kí ó lu ihò tí epo ń gbà nínú kabúrétọ̀ kí ó tóbi sí i, nítorí pé òkè ni òun ń lọ gùn. Sùlè rọ̀ ọ́ pé kí ó jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀.

Ọdẹ́tọ́lá ní, "Sùlè, bí o bá bẹ alágbàro sí oko ńlá, ṣé ẹ̀kọ kan ṣoṣo lo máa gbé fún un?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Sùlè kò lè bá àgbà jiyàn, ó ṣe é bí ó ti wí.

Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, alùpùpù ń mu epo bí omi, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kẹjọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Bí ó ti ń gòkè ni agbára ẹ̀rọ náà ń dín kù, tó ń húkọ́, tó ń tú èéfín dúdú. Ọdẹ́tọ́lá rò pé ebi ló ń pa á, ó tún fi epo kún epo. Níbi kọ́nà kan, ẹ̀rọ kú. Ó fẹsẹ̀ gbá a títí, kò dáhùn. Oòrùn sì ti yọ.

Yúnúsà, ọkùnrin orí òkè kan tó kọ́ṣẹ́ àtúnṣe alùpùpù ní Ìlọrin, ló bá a níbẹ̀. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó mú ọ̀dùnkún síse nínú àpò rẹ̀, ó nà án sí Ọdẹ́tọ́lá tó ń mí gúlegúle.

Ọdẹ́tọ́lá mi orí. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí ná, ọmọ mi."

Yúnúsà ní, "Ohun tí alùpùpù yín náà ń wí nìyẹn, Baba. Afẹ́fẹ́ orí òkè yìí fẹ́lẹ́. Kò rí i mí, ẹ sì ń rọ́ oúnjẹ sí i lẹ́nu."

Ó mú irin kabúrétọ̀ tí ihò rẹ̀ kéré láàárín irinṣẹ́ rẹ̀, ó fi pààrọ̀ èyí tí Sùlè lù, ó nu púlọ́ọ̀gì. Ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n gbá a, ó dáhùn.

Ọ̀sán gangan ni Ọdẹ́tọ́lá dé. Wọ́n ti fi aṣọ bo oyin àti iyọ̀. Ìyá ọkọ Ìbíyẹmí gbójú sókè.

Ó ní, "Àna wa, láti àárọ̀ la ti ń pe ọmọ yìí ní 'ìwọ yìí.' Ṣé òkè ló dá yín dúró?"

Àwáwí tó lè fi bo ara rẹ̀ ni ìyá náà fi lé e lọ́wọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́tọ́lá ṣí fìlà lójú gbogbo àna.

"Ẹ má dá òkè lẹ́bi. Wọ́n kìlọ̀ fún mi nílé, n kò gbọ́. Èmi ni mo fi oúnjẹ fún alùpùpù mi lọ́rùn."

Inú ìyá náà rọ̀. Ó ṣí aṣọ kúrò lórí oyin, Ọdẹ́tọ́lá fi ìka kàn án, ó sì pe ọmọ ní Akínyanjú.

Ìtàn náà délé Ṣakí kí ẹni tó ni ín tó dé. Láti ìgbà náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tí ń fi ipá kún ipá níbi tó yẹ kó ti rọra, wọn a ní: ẹni tó bá gun òkè, kó dín òkèlè kù.