Òkété àti Oko Ẹ̀pà Òòrẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi tẹsẹ̀ mọ́rìn, ó yà nílé Òkété, ó sì gba ibẹ̀ wọ oko Òòrẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, Òòrẹ̀, ẹranko tí ẹ̀gún bo ara rẹ̀, mú ọmọ rẹ̀ dání, ó sọdá odò wá sí ìlú àwọn ẹranko onírun. Wọ́n fún un ní ilẹ̀ olókùúta tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ó gbin ẹ̀pà síbẹ̀. Ẹ̀pà so wọ̀ǹtìwọnti.

Oko náà wọ Òkété lójú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Ó lọ bá Ọ̀yà àti Ehoro.

"Ẹ̀yin ará mi, ẹ wo irun ara wa bó ṣe ń dán. Àwa la ni ìlú. Kí ni ẹlẹ́gùn-ún ń wá láàárín wa?"

Ehoro ní, "Kò ṣáà gún ẹnikẹ́ni rí."

"Ẹ ò tíì mọ ìran wọn ni. Bí wọ́n bá pọ̀ tán, wọn ó gún wa jáde."

Bí ẹ̀fẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Òkété dá orin, wọ́n ń gbè é:

Ta ló gún mi lẹ́sẹ̀?
Ẹlẹ́gùn-ún ni.
Ta ni ò jẹ́ kójò rọ̀?
Ẹlẹ́gùn-ún ni.

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọn ò kí Òòrẹ̀ mọ́. Nígbà tó tún yá, wọn ò jẹ́ kó pọnmi lódò. Lọ́jọ́ ọjà kan, wọ́n ya bo ilé rẹ̀, wọ́n fọ́ ìkòkò, wọ́n wó ògiri. Ọ̀yà ju òkò. Òkò ba ọmọ Òòrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ kán. Òòrẹ̀ ò lè pọ̀n ọ́n, ẹ̀gún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé e mọ́ àyà, ó sọdá odò padà.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Òkété ti wà lóko, ó ń hú ẹ̀pà. Ọ̀yà gbé apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo ni tèmi?"

Òkété wò ó látòkè délẹ̀. "Ọ̀yà, irun rẹ yìí mà le. Ó fẹ́ jọ ẹ̀gún. Ṣé kì í ṣe òdìkejì odò ni ìyá rẹ ti wá?"

Ọ̀yà fọwọ́ kan irun ara rẹ̀. Ó rántí òkò tó jù. Ó sáré lọ sọ fún Ehoro.

Ehoro ní, "Bó bá ti kan irun rẹ lónìí, etí mi tó gùn yìí ló kàn lọ́la."

Wọ́n pe ìlú jọ, wọ́n lé Òkété kúrò lóko. Ó sá wọ ihò. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kó rìn lọ́sàn-án títí dòní.

Wọ́n wá sọdá lọ bẹ Òòrẹ̀. Ọ̀yà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Òòrẹ̀ ní, "Mo gbọ́. Màá padà wá hú ẹ̀pà mi. Ṣùgbọ́n ìwọ, Ọ̀yà, wá gbé ọmọ yìí. Kò lè rìn."

Ọ̀yà gbé e mọ́ra. Ẹ̀gún ń gún un láyà, kò gbé e sílẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ mi: ẹni tó bá ní ìran tòun ló dára ju ìran gbogbo lọ, orin ló fi ń bẹ̀rẹ̀, òkò ló fi ń parí. Ẹni tó bá sì bá a gbè é, ó ti bá a ju òkò náà.