Òkété àti Igi Ọsàn Tí Òùngbẹ Ń Gbẹ

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi wọ́ tùrù, ó kó sí ihò, ó bá Òkété nílé. Ìwọ tí ò ń tòògbé yẹn, bí o bá sùn, n kò ní tún un sọ o!

Ní ìgbà kan rí, igi ọsàn kan ṣoṣo ló wà nínú igbó àwọn ẹranko. Inú ihò kan lábẹ́ rẹ̀ ni Òkété àti Ayọ̀ká ìyàwó rẹ̀ ti ń tọ́ ọmọ. Òfin gbogbo ẹranko ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ká ọsàn. Èyí tó bá já bọ́ lọ́jọ́ tó kàn ọ́, tìrẹ ni.

Ọjọ́ Òkété ń bọ̀. Ojúkòkòrò ò jẹ́ kó sinmi, ó fẹ́ kí ọsàn já bọ́ púpọ̀ lọ́jọ́ tirẹ̀. Ó tọ Ìgbín, olùtọ́jú igi, lọ, ó ní òun fẹ́ fún igi ní ajílẹ̀.

Ìgbín ní, "Àpò rẹ̀ wà lábẹ́ àpáta. Ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó. Dúró kí òjò rọ̀. Ibi tí òjìji igi parí sí ni kí o wọ́n ọn sí, má jẹ́ kó kan ìdí igi. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ ṣeun, bàbá." Òkété dé kọ̀rọ̀, ó yínmú. "Ẹni tó ń wọ́ nílẹ̀ ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́!"

Nínú ọyẹ́ gan-an, ó da gbogbo àpò náà sí ìdí igi.

Nígbà tó yá, lọ́sàn-án gangan, Ayọ̀ká tají. "Baálé mi, ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ògiri?"

Òkété fetí lé gbòǹgbò. Ohùn kan ń ké hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́, bíi ti ọmọ tí ibà ń ṣe: "Omi... omi..." Ẹ̀rù ba Òkété. Ó sáré pọnmi, ó dà á sílẹ̀. Ilẹ̀ fà á mu. "Omi..."

Lókè, ewé ń jóná láìsí iná. Atẹ́gùn ò fẹ́, síbẹ̀ ọsàn ń já bọ́ wọ̀ọ̀, gbogbo rẹ̀ ni kò tíì gbó. Àwọn ọmọ fẹnu kàn án, wọ́n tu ú dànù, wọ́n bú sẹ́kún ebi.

Ìgbín dúró lókèèrè, kò lè sún mọ́ ilẹ̀ náà, nítorí ajílẹ̀ ń ta á lára bí iyọ̀. "Háà, Òkété! Àpọ̀jù ajílẹ̀ ti fa omi ara igi gbẹ. O ti pa á."

Ayọ̀ká pọn ọmọ, ó fa àwọn yòókù lọ́wọ́. "Ibi tí òkú ti ń tọrọ omi, n kò lè tọ́mọ níbẹ̀." Ó lọ, kò wẹ̀yìn.

Òkété gbẹ́ ihò mìíràn. Ó sùn, ó tún gbọ́ ohùn náà. Ó gbẹ́ òmíràn. Títí dòní, ẹnu ihò òkété kì í ṣe ẹyọ kan: sísá ló ń sá.

Ìdí àlọ́ mi rèé: oúnjẹ àpọ̀jù a máa pa ẹni tí a ń bọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní igi ọsàn lẹ́yìnkùlé, ẹ rọra bu ajílẹ̀ o.

Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ fetí lélẹ̀ wò.