Ìdí Tí Orù Fi Ń Kùn Lórí Iná

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Bí àwọn tó mọ̀ bá ń sọ̀rọ̀, oúnjẹ mi ni mo máa ń gbájú mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ti jókòó lé ìmọ̀ wọn bí adìyẹ tó ń sàba, ẹ jẹ́ kí òpè sọ ìwọ̀nba tí etí rẹ̀ gbọ́.

Nígbà láéláé, omi kì í pariwo lórí iná. A ó gbé e kaná, yóò gbóná, yóò sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìgbà tí ooru rẹ̀ bá ń yọ bí èéfín ni a tó ń mọ̀ pé ó ti tó wẹ̀.

Nílé Ìyá Fadérera, Orù ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìkòkò amọ̀ ńlá ni, oníkùn gbẹ̀ǹdù. Òun ló ń se omi ìwẹ̀ gbogbo ilé. Nígbà tí Ọ̀rẹ́níkẹ̀ẹ́, ìyàwó ilé, sì bímọ, omi ìwẹ̀ ìkókó di tirẹ̀. Ìgbéraga wá wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n a máa fi eérú àti kànìnkànìn ha inú Ìsáàsùn, ìkòkò ọbẹ̀. Ti Orù kọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fọ̀. Ìyá Fadérera a ní, "Omi ló ń fọ ohun gbogbo. Kí la tún fẹ́ fọ nínú ilé omi?" Gbogbo ilé a mi orí. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ, ta ló fẹ́ já a ní koro?

Orù a máa fi Ìsáàsùn ṣẹ̀sín.

"Wọ́n tún ti ń ha ọ́ nínú? Pẹ̀lẹ́ o, ẹlẹ́gbin."

Ìsáàsùn a ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí wọ́n ń yẹ inú rẹ̀ wò lójoojúmọ́ kì í fi àlejò pamọ́."

Lọ́jọ́ kan, Yanrìn bá omi odò wọlé.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá Orù. Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ nísàlẹ̀ yín díẹ̀."

Orù wò ó, ó rí i pé kò ju bíńtín lọ. "Sùn síbẹ̀. Ṣáà má jẹ́ kí wọ́n rí ọ."

Ẹ ṣáà mọ ìwà àlejò. Nígbà tó yá, àbúrò Yanrìn bá omi dé. Àna rẹ̀ dé. Àwọn tí kò bá a tan pàápàá dé, wọ́n ní ìlú kan náà ni àwọn ti wá. Wọ́n dùbúlẹ̀ lé ara wọn, iná sè wọ́n pọ̀, wọ́n le gbagidi bí ògiri.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ooru gba abẹ́ Orù wọlé bí ìṣe rẹ̀, ó fẹ́ lọ bá Omi lókè. Ó bá ọ̀nà ní dídí.

"Ẹ ṣí fún mi!"

"À ń sùn," ni Yanrìn wí.

Ooru fi èjìká tì í. Gbì! Gbùdù-gbùdù! Tà-tà-tà!

Ìkókó ta gìrì, ó figbe ta. Ọ̀rẹ́níkẹ̀ẹ́ gbé e mọ́ra, ó sá jáde. "Ìyá! Nǹkan wà nínú orù o!"

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Ewúrẹ́ ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ní, "Ebi ni. Bí inú tèmi ṣe ń pariwo nìyẹn bí n kò bá rí èèpo iṣu."

Àkùkọ na ọrùn, ó tún yára fà á padà. "Ebi kọ́. Ẹnì kan ni wọ́n ń sè níbẹ̀ láìpa. Mo mọ ohùn ẹbí mi."

Ajá ní, "Olè ni!" Ó ń gbó yí ààrò ká títí ó fi gbàgbé ohun tó ń gbó sí.

Kálukú gbé àìsàn tirẹ̀ sínú ikùn Orù. Kò sẹ́ni tó yọjú wo inú rẹ̀.

Ìyá Fadérera ní, "Orù tó bá ń kùn ti fẹ́ là nìyẹn. Ṣé kí omi gbígbóná wá bó ọmọ ọmọ mi ni? Bó bá tún dún lọ́la, ààtàn ló ń lọ."

Ara Orù kò lélẹ̀ mọ́. Ó mọ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín. Bí kò bá sì sọ ọ́, ààtàn. Ó bẹ Yanrìn, "Ẹ dákun, ẹ dìde."

"Ibo ni kí á lọ? A ti bímọ síbí."

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún gbé e kaná. Igi ràn. Ooru ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Orù wo ọ̀nà ààtàn, ó wo Ìsáàsùn.

"Àbúrò mi, bí wọ́n ṣe ń ha ọ́ nínú yẹn, ṣé ó máa ń dunni?"

Ìsáàsùn rẹ́rìn-ín títí ọmọrí rẹ̀ fi já bọ́. "Ó ń dunni gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ààtàn ńkọ́?"

Orù kígbe, "Ìyá! Ẹ yẹ inú mi wò! Àlejò ni mo gbà!"

Ìyá Fadérera sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó da omi nù, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Èékánná rẹ̀ kan nǹkan líle. Ó nàró.

"Ta ló sọ pé a kì í fọ inú orù?"

Gbogbo ilé ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn.

Wọ́n ha á, Orù ń ké. Yanrìn tòun tará ìlú rẹ̀ dà sílẹ̀. Ewúrẹ́ yọjú wò wọ́n, ó ní, "Mo ṣáà sọ pé ebi ni." Wọ́n gbé Orù padà sórí iná: kò dún pínpín. Wọ́n wẹ ìkókó, ó sùn.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kò tíì pẹ́ tí Ìyá Fadérera tún bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé omi ló ń fọ ohun gbogbo. Yanrìn náà gbọ́, ó tún dì mọ́ omi dé. Lọ́tẹ̀ yìí, Orù kò dúró kí wọ́n tó le bí ògiri. Bí iná bá ti kàn án lábẹ́ báyìí, ó ti ké pe ará ilé pé kí wọ́n wá yẹ inú òun wò.

Láti ọjọ́ náà ni orù ti ń kùn lórí iná kí omi tó hó. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ onírin tí ń se omi ìwẹ̀ lóde òní, tí à ń gbé kọ́ ara ògiri balùwẹ̀ tí wọ́n ń jẹ iná mànàmáná, wọ́n jogún rẹ̀. Bí wọ́n bá ń kùn, onílé a ní iná ló ń ṣe ségesège, ayálégbé a ní iwin ni, ọmọ wọn a ní eku ni. Èyí tó ń kùn nílé tiyín ńkọ́, ta ló ti yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò?