Ọṣẹ Tí Kò Tíì Gbẹ

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò Fadérera ń fi í ṣe látìgbà tí òwò ọṣẹ rẹ̀ ti wó. "Ìyá Ọlọ́ṣẹ Súnkì" ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó bi í bí kòtò náà ṣe rí.

Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo iléèwé máa kọ́ ọmọ bí a ṣe ń dá òwò sílẹ̀, Tíṣà Akínbọ̀dé wá sílé rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ wá bá wa kọ́ àwọn ọmọ."

"Èmi kẹ̀? Ẹ lọ pe olówó."

"A ti pè é. Iye ọkọ̀ rẹ̀ ló ń kà fún wa títí agogo fi dún."

Fadérera rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀lé e.

Ọṣẹ tútù tí àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ló bá lórí tábìlì kíláàsì. Ọmọkùnrin kan ti gbé ọ̀bẹ láti gé e fún títà.

"Mà, kí ló ba òwò yín jẹ́?" ni ọmọbìnrin kan bi í.

Fadérera wo ọṣẹ tútù náà, ó sì dáhùn. "Ìkánjú ni. Mo tà á kó tó gbẹ. Ó súnkì nílé àwọn oníbàárà, wọ́n ní mo rẹ́ àwọn jẹ."

Kíá, ọlọ́bẹ fi ọ̀bẹ pamọ́ sẹ́yìn. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, Fadérera náà sì bá wọn rín in.

Oṣù kan gbáko ni ọṣẹ náà fi gbẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n tà á, aládùúgbò tó kọ́kọ́ sọ Fadérera lórúkọ ẹ̀fẹ̀ ra mẹ́ta.

"Ọṣẹ yìí mà le o! Ta ló kọ́ yín?"

Àwọn ọmọ nawọ́ sí Fadérera.

"Háà, Ìyá Ọlọ́ṣẹ..." Obìnrin náà gbé ìyókù orúkọ náà mì. Ó yíkàá díẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà."