Ìkánjú Ìyá Ìgè

Ọdẹ́funkẹ́ ni ìyàwó àkọ́fẹ́ Àkàndé, ahunṣọ kan ní ìlú Òkè-Ìrẹ̀. Ọdún méje gbáko ló fi wá ọmọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ Àwẹ̀ró lé e, bí Ọlọ́run ti máa ṣe é, àwọn méjèèjì lóyún pọ̀, wọ́n sì bí ọkùnrin láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Ẹsẹ̀ ọmọ Ọdẹ́funkẹ́ ló kọ́kọ́ yọ jáde, wọ́n bá sọ ọ́ ní Ìgè. Ti Àwẹ̀ró dojú bolẹ̀ wáyé, òun ni Àjàyí.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe Ọdẹ́funkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ tó fẹsẹ̀ wáyé ni yóò kọ́kọ́ rìn. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló sọ ọ́ fún. Ìgè nìkan ni kò rántí sọ fún.

Ìyá ọkọ wọn, tí wọ́n ń pè ní ìyá àgbà, ló ń wẹ àwọn ọmọ náà láàárọ̀. Á fa apá wọn, á na ẹsẹ̀ wọn, á jù wọ́n sókè, á sì hán wọn. Nígbà tí wọ́n tó jókòó, inú ọpọ́n ló ń gbé wọn sí, á ká aṣọ yí ìdí wọn ká kí wọ́n má baà ṣubú. Ìgè a máa wo nǹkan fínnífínní. Bí wọ́n bá ń bó ẹ̀gúsí, ìka méjì péré ló fi ń ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀, nígbà tí Àjàyí ṣì ń fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbá a kiri. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́funkẹ́ kò wo ìka. Ẹsẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí wọ́n pé oṣù mẹ́wàá, Àjàyí fi ògiri sílẹ̀, ó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ìyá àgbà mú ṣaworo, ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe agbo ilé náà. Láti ọjọ́ náà, ibi tí Ọdẹ́funkẹ́ bá yà sí ni ṣaworo ti ń dún sí i létí, nídìí ààrò, lẹ́yìnkùlé. Owú náà pọ̀ débi pé bí Àjàyí bá ṣubú, inú rẹ̀ á dùn, ojú á sì tún tì í.

Ó ní, "Ìyá, ẹ so ṣaworo mọ́ Ìgè náà lẹ́sẹ̀."

"Ọmọ tó ń rákò?" ni ìyá àgbà wí. "Rọra, ìyàwó mi. Egungun rẹ̀ kò tíì le."

Àwẹ̀ró náà dá sí i pé, "Ẹ má bínú, ìyáálé mi. Kò ní pẹ́ rìn."

Àánú yìí dun Ọdẹ́funkẹ́ ju èébú lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó gbé Ìgè dúró láàárín agbo ilé. "Rìn," ó ní, "kí wọ́n rí ọ." Orúnkún ọmọ náà yẹ̀, ó fẹ́ jókòó. Ìyá rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi agbára fà á sókè. Nǹkan dún nínú ìgúnpá ọmọ náà. Igbe tó ké, Àkàndé gbọ́ ọ nídìí òfì rẹ̀.

Ẹni tó ń to eegun dá apá náà padà, ó sì dì í mọ́ ọn láyà fún oṣù kan, tí Ìgè kò fi lè rákò mọ́. Apá san. Ṣùgbọ́n bí Ọdẹ́funkẹ́ bá ti na ọwọ́ sí i, á sún sẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwẹ̀ró ló wá ń fún un lóúnjẹ.

Ọjọ́ tí Ìgè yóò rìn, ẹnikẹ́ni kò pè é. Ó di ẹnu ọ̀nà mú, ó dìde fúnra rẹ̀, ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọdẹ́funkẹ́ kúnlẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Ìgè, ọmọ mi, máa bọ̀."

Ọmọ náà wo ọwọ́ wọ̀nyẹn títí. Ó yà fún wọn, ó sì rìn tààrà lọ bá Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró kò mọ ibi tí yóò gbójú sí. Ìyá àgbà wo ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ohun tó sì sọ fún un lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà ṣì ń pa lówe títí dòní pé, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.